Bí a Ṣe Ń Fi Ẹnu Ara Wa Mọ Bíà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Wá Bíà Tuntun, Tó sì Fẹ́ Júwe Rẹ̀ fún Ẹlòmíì

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ta bíà ní ìsọ̀ kékeré kan ní gúúsù London. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kan kì í wọlé, kó wo pẹpẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó wá yíjú sí mi: "Àbúrò, èwo ló jọ Guinness ilé nínú gbogbo èyí?"

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an. Ẹni tó bi í ti mọ ohun tó bá ẹnu rẹ̀ mu, ó sì fẹ́ fi í wá òmíràn. Ohun tó ń dí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni pé èdè tí wọ́n fi ń júwe bíà lára ìgò kì í ṣe èdè oúnjẹ tiwa. Wọ́n á kọ ọ́ pé ó ń ta sánsán bí igi páìnì, bí èso bẹ́rì inú igbó. Ta ló jẹ ìyẹn dàgbà nínú wa? Bẹ́ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú bíà, kànáfùrù wà níbẹ̀, àgbálùmọ̀, ẹja yíyan àti orógbó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lè pè wọ́n lórúkọ ní Yorùbá yóò tètè rí bíà tó wù ú, yóò sì lè júwe rẹ̀ débi tí ẹlòmíì á fi mọ̀ bóyá òun á fẹ́ ẹ. Ọ̀nà tí mo gbà kọ́ ọ ni mo tò sílẹ̀ níbí. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 18 ni mo ń bá sọ̀rọ̀, tí wọn kò lóyún, tí wọn kò sì ní wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

1. Ẹ ti orí ìgò tí ẹ ti mọ̀ bẹ̀rẹ̀

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ orúkọ bíà mẹ́ta tí ẹ ti mu jù láyé yín. Star, Gulder, Trophy tàbí Guinness kò ní ṣàì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun kan tí ẹ fẹ́ràn lára rẹ̀. "Ó dùn" kò tó. Ṣé bó ṣe ń tutù wọ ọ̀fun ni? Ṣé ìkorò díẹ̀ tó ń kù lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì ni? Àbí bó ṣe wúwo lórí ahọ́n?

Star tí wọ́n kọ́kọ́ pọn ní Èkó ní 1949, Gulder, àti Trophy tó ti Iléṣà wá, ẹbí kan náà ni wọ́n: lager. Ìwúkàrà tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù ló ń ṣe lager, wọ́n á sì tún fi ọtí náà pamọ́ sínú òtútù títí á fi tòrò. Lager aláwọ̀ wúrà tó ṣáájú gbogbo wọn ni èyí tí Josef Groll, ọmọ Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì, pọn ní ìlú Plzeň ní ilẹ̀ Czech ní 1842. Wọ́n ṣì ń pọn ọ́n níbẹ̀ dòní. Pilsner Urquell lorúkọ rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 4.4%. Ẹ ra ìgò kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Star tàbí Trophy, ẹ bu díẹ̀ nínú èyí, ẹ bu díẹ̀ nínú ìyẹn, ẹ máa mu wọ́n ní àmutún-mu. Ti Plzeň á korò jù, á sì ní adùn èèpo búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ẹ̀kọ́ tí ìgò méjì yìí á kọ́ yín láàárín wákàtí kan pọ̀ ju èyí tí ogún ìgò tí ẹ mu lọ́kọ̀ọ̀kan lè kọ́ yín lọ, torí pé ìgbà tí a bá gbé nǹkan méjì kalẹ̀ ni ahọ́n máa ń rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ Guinness gba àlàyé tirẹ̀. 1962 ni ilé ìpọntí rẹ̀ ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn apọntí wa yíjú sí. Guinness ti ilẹ̀ wa ń gba omi dúdú tó ki, tó korò, láti Ireland, wọ́n á wá pò ó mọ́ bíà tí wọ́n pọn níbí. Agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5%. Èyí tí wọ́n ń fà láti inú ẹ̀rọ ní ilé ọtí London kò ju 4% àti díẹ̀ lọ, atẹ́gùn náítírójìn ló sì ń mú kó máa yọ̀ lẹ́nu bí ìpara. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé fi máa ń sọ pé wọ́n bu omi là á. Ẹnikẹ́ni kò là á. Bíà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní Peckham, ní gúúsù London, ẹ ó rí ìgò tó ti Nàìjíríà wá lórí pẹpẹ àwọn ìsọ̀ wa. Tó bá dé ibẹ̀, òun náà ti di bíà ilẹ̀ òkèèrè.

2. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi pọn ọ́n

Omi, ọkà, hops àti ìwúkàrà. Òfin tí àwọn ará Bavaria ṣe ní 1516 ní kí apọntí má lo nǹkan mìíràn ju omi, ọkà báálì àti hops lọ; wọn kò dárúkọ ìwúkàrà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí ìyá àgbà tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn òyìnbó ń ṣe ọkà báálì tiwọn, ọkà tó hù, tí wọ́n gbẹ, ni wọ́n sì ń pè ní mọ́ọ̀tì. Iná tí wọ́n fi gbẹ ẹ́ ló ń pinnu àwọ̀. Iná jẹ́jẹ́, ọtí á mọ́ bí wúrà. Iná líle díẹ̀, á pupa, á sì máa dùn bí etí dòdò tó pọ́n. Tí wọ́n bá yan án títí tó fi dúdú, kọfí àti ìdí àgbàdo sísun ni ẹ ó máa gbóòórùn.

Hops jẹ́ òdòdó ewéko kan tó ń fà, tí wọ́n ń ta okùn fún kó lè gun òkè bí a ṣe ń ri ọ̀pá fún iṣu. Òun ló ń mú ìkorò wá, òun náà ló ń mú òórùn èèpo ọsàn, èèpo máńgòrò tàbí koríko tútù wá. Hops tí wọ́n ń pè ní Cascade, tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà rí gbà ní 1972, ló yí ọ̀rọ̀ bíà padà níbẹ̀. Ken Grossman fi í ṣe Sierra Nevada Pale Ale ní ìlú Chico ní California láti 1980, ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí kéékèèké tí a ń pè ní craft lónìí ló sì kọ́ṣẹ́ lára ìgò yẹn.

Ìwúkàrà ni mo kà sí pàtàkì jù. Òun ló ń jẹ adùn inú omi ọkà, tó ń sọ ọ́ di ọtí, ọ̀pọ̀ òórùn tí ẹ ń gbọ́ sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru ló ń ṣe ale, a sì máa fi òórùn èso sílẹ̀. Èyí tó fẹ́ òtútù ń ṣe lager, ọtí rẹ̀ a máa mọ́ lẹ́nu.

3. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bíà tó kún fún òórùn hops, pàápàá IPA (ale tó korò, tó ní hops púpọ̀), kì í pẹ́ kó tó rẹ̀. Tó bá ti lé ní oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti rọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Àwọn tó lè pẹ́ ni stout alágbára (bíà dúdú irú Guinness), gueuze (bíà kíkan láti Brussels), àti àwọn ọtí mọ́ńkì ilẹ̀ Belgium.

Ẹ wo àwọ̀ ìgò àti ibi tí wọ́n gbé e sí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ra lager mẹ́fà nínú ìgò aláwọ̀ ewé ní ìsọ̀ kan tí wọ́n to ọjà sí ojú fèrèsé. Oòrùn ti ń pa wọ́n láti àárọ̀. Nígbà tí mo ṣí àkọ́kọ́ nílé, òórùn asín gba gbogbo yàrá. Mo rò pé wọ́n pọn ọ́n bàjẹ́ ni. Ìgbà tó yá ni mo kà á pé ìmọ́lẹ̀ máa ń bá ìkorò hops jà, á sì bí èròjà kan tó ń rùn bẹ́ẹ̀. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ń dáàbò bo ọtí ju aláwọ̀ ewé tàbí èyí tó mọ́ gaara lọ. Agolo ló dára jù, torí ìmọ́lẹ̀ kankan kò lè wọ ibẹ̀. Tí ìgò bá wà lójú fèrèsé, ẹ ní kí wọ́n bá yín mú òmíràn láti inú páálí.

Lẹ́yìn náà, agbára ọtí. Ní Britain, wọ́n ń fi ìwọ̀n tó dúró fún mílílítà 10 ọtí gidi ka ohun tí èèyàn mu, ìmọ̀ràn ìjọba sì ni pé kó má kọjá 14 lọ́sẹ̀ kan. Ife pint kan tó jẹ́ 4% sún mọ́ 2.3. Ìgò kékeré Rochefort 10 kan, mílílítà 330 péré, jẹ́ 11.3%, ìyẹn ti tó 3.7. Ìgò kékeré náà lágbára ju ife ńlá lọ, ìṣirò yìí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ tọ́ bíà mẹ́rin wò lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ pín ìgò láàárín ẹni mẹ́ta.

Tí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́fà tí wọ́n kọ Authentic Trappist Product sí, inú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì ni wọ́n ti pọn ọtí náà, lábẹ́ àbójútó wọn, owó rẹ̀ sì ń lọ sí ìtọ́jú ilé náà àti iṣẹ́ àánú. Westmalle, Orval àti Rochefort wà lára wọn. Àwòrán àlùfáà tó ń rẹ́rìn-ín lára ìgò kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àmì yẹn ni kí ẹ wò.

4. Ẹ dà á, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ tó mu ún

Ẹ jẹ́ kí n fi ìgò kan ṣàpẹẹrẹ: Schneider Weisse, ọtí àlìkámà láti Kelheim ní Bavaria, 5.4%. Ẹ fọ ife gíláàsì dáadáa, ẹ ṣàn án, nítorí bí òróró ọbẹ̀ bá kù lára rẹ̀, ìfófòó á kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi omi tútù ṣan inú rẹ̀, ẹ má nù ún. Ẹ dẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ sí ara ògiri ife. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ìka méjì nínú ìgò, ẹ dúró, ẹ yí ìgò náà lọ́wọ́ bí ẹni ń ru àgbo, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ lè dìde, kí ẹ sì dà á lé e. Ọtí náà á rú, ìfófòó rẹ̀ á sì ga dé ìka mẹ́ta, funfun bí òwú.

Ẹ má tíì mu ún. Ẹ gbé imú sí i, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì kúkúrú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọmìnì tó ti fẹ́ pọ́n jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kànáfùrù á yọjú. Kò sí ẹni tó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kànáfùrù sínú rẹ̀. Ìwúkàrà ló ṣe méjèèjì. Nísinsìnyí, ẹ mu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó kárí ahọ́n, ẹ gbé e mì, kí ẹ sì mí jáde láti imú pẹ̀lú ẹnu tí ẹ pa dé. Èémí tó ń jáde yẹn ló ń gbé ìtọ́wò tó kù wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò ṣe é rí, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

Òtútù jù máa ń pa òórùn. Lager lè tutù dé ìwọ̀n 5 sí 7 ti Celsius, ṣùgbọ́n stout alágbára àti ọtí mọ́ńkì fẹ́ nǹkan bí 12. Ní London, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fíríìjì ní ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó ṣí i. Ní Ìbàdàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó.

5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè ẹnu yín

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ ra ìwé kékeré. Àwọn kan ń lo Untappd lórí fóònù, ó sì wúlò láti rántí orúkọ, àmọ́ ìràwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò lè sọ ohun tí ahọ́n yín gbọ́.

Ẹ mú ìkorò nìkan. Lọ́dọ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ kan ni. Lọ́dọ̀ wa, ìkorò ewúro tí wọn kò fọ̀ dáadáa yàtọ̀, ó máa ń le mọ́ ahọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìkorò àwọn IPA kan rí. Ìkorò obì yàtọ̀, torí pé adùn máa ń tẹ̀lé e tí èèyàn bá mu omi. Èyí ni mo máa ń bá nínú Pilsner Urquell. Ìkorò orógbó gbẹ, ó sì ń pẹ́ lẹ́nu; ẹ wá a nínú Orval. Ìkorò ohun tó jóná, bí ìdí ìkòkò ìrẹsì, ti stout ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó sọ fún ọdún mẹ́ta pé òun kò fẹ́ràn bíà tó korò wá rí i pé ti ewúro nìkan ni òun kò fẹ́. Ti obì kò ṣe é ní nǹkan kan.

Kíkan náà ní ẹ̀yà. Ògì ọjọ́ kẹta, gààrí Ìjẹ̀bú nínú omi tútù, àgbálùmọ̀ tó pọ́n, ọsàn wẹ́wẹ́, ẹmu àná. Gbogbo wọn kan, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Adùn: ìréké, oyin, dòdò, mọ́ọ̀tì inú ìgò. Ìwúwo: ó fẹ́lẹ́ bí omi ògì, tàbí ó ki bí ẹ̀kọ mímu. Bó ṣe ń hó: ó ń ta ahọ́n bí ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, tàbí ó sùn.

Ẹ kọ àléébù náà. Òórùn asín, ìmọ́lẹ̀ ló bà á jẹ́. Òórùn páálí tí òjò pa, ó ti gbó, atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀. Òórùn bọ́tà tó lágbára nínú lager, wọn kò jẹ́ kí ìwúkàrà parí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó sọ pé ẹ kò fẹ́ irú bíà kan, ẹ wò ó bóyá ìgò tí ẹ mu ló bàjẹ́.

Ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé mi ní orúkọ bíà, ìlú tó ti wá, agbára, ọjọ́ tí mo mu ún, ohun mẹ́ta tí mo gbọ́ nínú rẹ̀, àti ìlà kan nísàlẹ̀: *ta ni mo máa bu fún?* Ìlà yẹn wúlò fún mi ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ó ń jẹ́ kí n máa rántí èèyàn nígbà tí mo bá ń mu ọtí.

6. Àwọn ilẹ̀kùn tí mo máa ń ṣí fún èèyàn

Fún ẹni tó ń mu Guinness ilé: Samuel Smith Imperial Stout láti Tadcaster ní Yorkshire, 7%. Ó wúwo, ó dùn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìkorò kọfí sì ń dúró dè yín lẹ́yìn. Tí ẹ bá wà ní London, ẹ wá Export Stout tí ilé ìpọntí Kernel ní Bermondsey ń pọn láti inú ìlànà 1890. Òun ló sún mọ́ ohun tí àwọn oníbàárà mi ń wá jù.

Fún ẹni tó fẹ́ràn mọ́ọ̀tì, tó ń sọ pé bíà korò jù: Ayinger Celebrator láti Bavaria, 6.7%, ère òbúkọ funfun kékeré kan rọ̀ mọ́ ọrùn ìgò rẹ̀. Ó dúdú, àmọ́ kò korò bí stout. Dòdò àti búrẹ́dì aláwọ̀ pupa ni. Irú bíà yìí, doppelbock, ti ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì Paulaner ní Munich wá, tí wọ́n ń mu ún ní àsìkò ààwẹ̀ lẹ́ńtì. Westmalle Dubbel, 7%, jẹ́ ọ̀nà mìíràn sí ibì kan náà, ó sì bá àsun mu gan-an.

Fún ẹni tó fẹ́ ìkorò: Sierra Nevada Pale Ale, 5.6%, kó tó kan IPA kankan.

Ẹlẹ́mu ni mo fẹ́ràn láti bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ ẹmu àárọ̀, tó dùn, tó sì funfun, Schneider Weisse tí mo júwe lókè ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹmu àná, tó ti kan, tó ń ta, gueuze ni. Kò sí ẹni tó ń fi ìwúkàrà sínú ẹmu. Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára akèrègbè àti lára ọ̀pẹ ló ń mú un hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Cantillon, ilé ìpọntí kan ní Brussels láti 1900. Ní àsìkò òtútù, wọ́n á da omi ọkà gbígbóná sínú ọpọ́n bàbà fífẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lókè ilé, wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú kí afẹ́fẹ́ ìlú náà bà lé e, wọn á wá rọ ọ́ sínú àgbá igi. Tó bá yá, wọ́n á po ti ọdún kan, ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta pọ̀. Òyìnbó tó mu gueuze fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń fún ojú pọ̀. Mo ti rí ìyá kan láti Òkìtìpupa tó mu ún, tó mi orí, tó sì ní, "Ẹmu tó sùn mọ́jú nìyí."

Ẹ má gbàgbé oúnjẹ. Ata àti ọtí líle máa ń gbé ara wọn sókè, ìkorò sì máa ń dá kún un. Nítorí náà, IPA 7% pẹ̀lú ata-dín-dín jẹ́ ìyà fún ẹnu. Ata líle fẹ́ ọtí àlìkámà tàbí lager tó dùn díẹ̀, bí Augustiner Helles láti Munich. Mọ́ínmọ́ín àti àkàrà fẹ́ Saison Dupont, 6.5%, bíà oko láti gúúsù Belgium, tó gbẹ, tó sì ń hó dáadáa, tó ń fọ epo kúrò lẹ́nu. Sùyà àti ẹja yíyan fẹ́ Schlenkerla láti Bamberg, 5.1%, mo máa padà sórí ìyẹn.

7. Bí ẹ ṣe máa júwe bíà fún ẹlòmíì

Àǹtí kan wá sí ìsọ̀ wa ní àsìkò Kérésì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ nǹkan tó dùn bíi mọ́ọ̀tì. Rochefort 10 ni mo fún wọn, torí pé òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìsọ̀ náà nígbà yẹn. Wọ́n padà ní ọjọ́ kẹta pẹ̀lú ìgò mẹ́ta tí wọn kò ṣí. "Ọmọ mi, ó dára o, àmọ́ mo sùn lórí àga kí n tó mu ún tán." Ohun tí mo fẹ́ràn ni mo tà fún wọn, n kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọtí náà ṣe. Celebrator ni mo fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń rà á títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Látìgbà náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi èèyàn. Kí lẹ máa ń mu nílé? Kí lẹ fẹ́ fi jẹ? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa mu ún ni àbí àlejò wà? Ìdáhùn sí ẹ̀kẹta máa ń yí gbogbo nǹkan padà. Ẹni tó ní àlejò mẹ́jọ kò nílò ìgò gueuze tó gbówó lórí. Ó nílò lager tó dára tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ̀.

Tí ẹ bá wá fẹ́ júwe bíà kan, ẹ sọ nǹkan mẹ́ta ní ṣókí: ohun tó jọ tí onítọ̀hún ti mọ̀, ibi tó ti yàtọ̀ sí i, àti ìgbà tí á dára jù. "Ó jọ Guinness wa, àmọ́ kò lágbára tó o, ó sì ń rùn bí èéfín, ẹ fi jẹ sùyà lálẹ́." Ẹni tó gbọ́ ìyẹn ti mọ bóyá òun á fẹ́ ẹ. Ẹ sọ ibi tó lè má bá ẹnu rẹ̀ mu pẹ̀lú. Tí bíà bá kan, ẹ sọ pé ó kan kó tó sanwó. Oníbàárà tí ẹ sọ òótọ́ fún nípa ìgò kan á gbà yín gbọ́ lórí ogún tó kù.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bu díẹ̀ fún un kó tọ́ ọ wò. Ní àwọn ilé ìpọntí tó wà lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ní Bermondsey, ẹ lè béèrè fún ìdá mẹ́ta pint, mílílítà 189. Òfin fàyè gbà á, ẹ má tijú láti béèrè. Ẹ lọ pẹ̀lú ẹni méjì, kí ẹ pín in. Ní Nàìjíríà, ẹ wá ọtí Bature, ilé ìpọntí kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ní Abuja, kí ẹ sì tún wá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tàbí ọtí ọkà bàbà níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, torí ahọ́n tó mọ ìkan ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í bẹ̀rù ìkan kankan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan wà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Gulder ni wọ́n mu dàgbà, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn kò ní nǹkan kan bá bíà àwọn òyìnbó pọ̀. Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ń se ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ. Mo mú Schlenkerla wá, mo sì sọ fún wọn pé iná igi ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà rẹ̀ ní Bamberg, bí wọ́n ṣe ń yan ẹja létí ọ̀sà, pé tí wọ́n bá gbé e sí imú, ilé ìdáná ìyá wọn ni wọ́n á gbọ́, àti pé ife àkọ́kọ́ lè ṣàjèjì sí wọn, kí wọ́n dúró de ìkejì. Wọ́n wò mí, wọ́n san owó ìgò kan, wọ́n sì lọ láìsọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọn kò tíì wọlé tán tí wọ́n fi nahùn láti ẹnu ọ̀nà: "Àbúrò, èyí tó ń rùn bí ẹja Ẹ̀pẹ́ yẹn, ṣé ó kù?"